Ẹsẹ̀ Mi Méjèèjì àti Abẹ́rẹ́ Ọmọ Aránṣọ

Ẹnu mi ló kọ́kọ́ kó bá mi kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà dé ọ̀dọ̀ wa, èmi ni mo sọ ara mi di agbẹnusọ rẹ̀ nínú ilé wa ní Amukoko, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́. Ilé oníyàrá méjìlá ni, mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là á láàárín. Bí ẹni tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ bá sín, ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn ló máa kí i pẹ̀lẹ́. Àwọn kan nínú ará ilé ní gílóòbù máa ń tàn lápá ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ náà. Àwọn kan ní ẹni tó bá gbà á kò ní bímọ mọ́. Mo bọ́ síta pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, mo na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní àìmọ̀kan ló ń dà wọ́n láàmú, pé ẹni tí abẹ́rẹ́ náà bá ṣe ní nǹkan, kó wá bá mi. Mo fẹ́ràn iyàn jíjà ju oúnjẹ lọ, ìyàwó mi lè jẹ́rìí sí i.

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù wọn jáde ní èbúté Tin Can. Agent ni wọ́n ń pè wá, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ ni wọn ì bá máa pè wá, torí ẹsẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá lè gba àárín àwọn tírélà kọjá, kó ti ọ́fíìsì kan dé ọ́fíìsì kejì kí ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí ìwé tó lọ jẹun, òun ni ẹrù rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde. Mo sì yára. Nígbà tí ọ̀gá wa ní Apapa wá sọ pé ẹni tí ò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì òun mọ́, mo kó ìyàwó mi àti èèyàn mọ́kànlá nínú ará ilé wa, mo ṣáájú wọn, gbogbo wa lọ gbà á lọ́jọ́ kan náà. Apá dùn wọ́n. Ibà mú ìyàwó mi fún ọjọ́ kan. Èmi ò ní nǹkan kan, mo sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wọn títí ọ̀rọ̀ mi fi sú wọn.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, mo jí láàárọ̀ kan, ó sì dà bíi pé ẹnì kan fún bẹ́líìtì mọ́ mi níkùn. Mo wò ó, kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bíi tìmùtìmù. Mo ní iṣẹ́ àná ló ń yọ mí lẹ́nu, mo wọ sálúbàtà, mo jáde. Nígbà tí mo dé ibùdókọ̀ Boundary, obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, slippers yín kan ti wà lẹ́yìn láti ibi tí àwọn ọlọ́kadà wà yẹn. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Mo ní mo mọ̀. Mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Mo padà lọ mú un, mo sì kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ní ìdí pàtàkì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ òsì mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín bàtà àti ilẹ̀ mọ́.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, mi ò lè gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé wa, bẹ́ẹ̀ àtẹ̀gùn ẹyọ kan ni. Ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú. Ó ní òtútù ló wọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó bu omi gbígbóná sínú báàfù, ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún mi, ó ní kí n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́.

"Ṣé ó gbóná?"

"Kò gbóná, mà."

Ó rọ omi sí i láti inú kẹ́tùlù. "Ńkọ́ báyìí?"

"Ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Irọ́ ni mo pa, mi ò mọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti ṣe wàhálà, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé omi rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ó tún rọ òmíràn. Àwọn ará ilé ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹnì kan ní ọkùnrin gidi ni mí. Oru ń bò mí lójú, mo jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn bí ọba tí wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ fún. Ìyàwó mi ló ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó ki ìka kan bọ inú omi náà, ó sì fà á yọ kíá. Nígbà tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi jáde, ó ti pọ́n bí edé, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń bó.

"Daddy," ìyàwó mi ní, "kò dùn yín?"

Mo wo ẹsẹ̀ náà. Kò dùn mí rárá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí, torí mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti máa ké.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n fi gbé mi lọ sílé ìwòsàn, èmi àti ẹsẹ̀ bíbó mi. Kí a tó débẹ̀, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, kò sì jáde. Nọ́ọ̀sì kan ki rọ́bà bọ̀ mí níbi tí mi ò ní dárúkọ, àpò tí wọ́n so mọ́ ọn kún, wọ́n dà á nù, ó tún kún. Ìyá ìyàwó mi dúró tì mí ní gbogbo àkókò náà, ó ń kí ìtọ̀ náà kú àbọ̀. Mi ò tíì lè wo ojú rẹ̀ dáadáa títí di òní.

Wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn mi nínú ẹ̀rọ kan tó ń pariwo bí ẹni ń fi òòlù lu kọ̀ǹtéńà. Lẹ́yìn náà ni dókítà wá, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní okùn kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn èèyàn tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti orí lọ sí ẹsẹ̀, tó sì ń gbé èsì ẹsẹ̀ padà sí orí. Okùn tèmi ti wú ní ọ̀gangan àyà, ọ̀rọ̀ ò sì kọjá mọ́. Mo ní ó ti yé mi: orí ti fọwọ́ sí ìwé, ẹsẹ̀ ń dúró de ìwé, ṣùgbọ́n ìwé há sórí tábìlì ọ̀gá kan láàárín. Ó rò ó díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo bi í ta la máa lọ rí kí ìwé náà tó kọjá. Ó ní oògùn la máa rí.

Mo bi í bóyá abẹ́rẹ́ yẹn ló fà á. Ó ní abẹ́rẹ́ máa ń jí àwọn ọmọ ogun inú ara dìde láti kọ́ wọn níjà, pé ó sì máa ń ṣẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí kò wọ́pọ̀ rárá, kí wọ́n ṣi ọ̀tá mọ̀, kí wọ́n dojú ìjà kọ okùn náà. Ó ní àìsàn kòrónà fúnra rẹ̀ ló máa ń fa irú èyí ju abẹ́rẹ́ lọ. Ní tèmi, ó ní ó jọ pé abẹ́rẹ́ ni, nítorí àkókò rẹ̀ ṣe rẹ́gí, ṣùgbọ́n òun ò lè búra. Mo wá bi í bóyá màá tún rìn. Ó ní àwọn kan máa ń rìn padà, àwọn kan máa ń fi ọ̀pá rìn, àwọn kan kì í rìn mọ́. Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mi ò rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Oògùn tí wọ́n fà sí mi lára fún ọjọ́ márùn-ún kò jẹ́ kí n sùn, kò sì jẹ́ kí n yó. Mo ń jẹ, mo ń sọ̀rọ̀. Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì bẹ nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi ní oògùn oorun, pé òun máa bá mi lò ó tí kò bá tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n dá mi padà sílé lórí àga onítáyà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò gba àga náà àti èèyàn pọ̀. Sítóòfù wà lápá ọ̀tún, dúrọ́ọ̀mù omi wà lápá òsì, tí mo bá ti wọlé, ẹnikẹ́ni ò lè jáde mọ́ àfi kó fò mí kọjá. Wọ́n sì ń fò mí. Ìyá àgbà yàrá kẹjọ náà fò mí lọ́jọ́ kan, ó gbé ìṣà omi dání.

Aránṣọ kan ń gbé nínú yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, ìgbà tó bá tò sí ọ̀nà Tin Can, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó rí i. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá ọmọ, ìgbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni Ọlọ́run dá wọn lóhùn. Ọkùnrin ni. Ó lẹ́nu bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ṣí ilẹ̀kùn láti tú omi ìwẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹsẹ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ rí, méjèèjì nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, a ti fi báńdéèjì wé wọn. Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó yẹ kí wọ́n gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ ọmọdé, kò gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ keje kọjá, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ fún mi, inú bí mi, mo ní kó lọ pè é wá.

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Wọ́n ní o ò gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi."

"Mo ti bínú. Dáhùn."

"Ẹ̀yin náà lẹ dúró ní corridor yìí, tẹ́ ẹ ní ẹni tó bá ṣe ní nǹkan kó wá bá yín." Ó gbójú sókè. "Tó bá wá ṣe ọmọ mi ní nǹkan, ṣé kí n máa gbé e bọ̀ wá bá yín níbi tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ sí yìí?"

Mo wá sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ fún mi fún un, láìyọ èyí tó dùn sílẹ̀, láìyọ èyí tí kò dùn. Mo ní ó jọ pé abẹ́rẹ́ kòrónà ló ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo ní ti ọmọdé kì í ṣe abẹ́rẹ́ kan náà. Mo ní àwa mẹ́tàlá la jọ gbà á, àwọn méjìlá ń fò mí kọjá lójoojúmọ́.

"Àwọn méjìlá," ó ní. "Ọmọ kan ni mo ní."

"Ikọ́ líle tí abẹ́rẹ́ ọmọdé ń dènà, ó ń pa ọmọ, ìwọ yìí."

"Mo gbọ́, sà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé health centre, màá pọ̀n ọ́n tẹ̀ lé yín. Kó tó dìgbà yẹn, mi ò lè lọ. Ọkàn mi ò gbà á."

Mo rò pé kò le, pé ó máa tó gbàgbé. Nígbà tí mo padà lọ rí dókítà, mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n má dúró dè mí o, pé ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ nínú ilé tí èèyàn ti pọ̀ tó báyẹn, ewu ni. Mo darí dé, mo tún bá aránṣọ sọ ọ́, ìyàwó mi bá a sọ ọ́, ìyá ìyàwó mi fi tẹ̀mí àti tara bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọdé kan ní yàrá kọkànlá. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ikọ́ náà láti inú ògiri, mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ aránṣọ ní òdì kejì, ẹsẹ̀ mi sì wà láàárín wọn bí ìtí igi méjì. Mi ò tíì kórìíra nǹkan kan rí bí mo ṣe kórìíra ẹsẹ̀ yẹn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìrìn nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fà mí lẹ́sẹ̀, ọjọ́ yòókù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ọjọ́ tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kọ́kọ́ mì, gbogbo ilé wá wò ó. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúrà àwọn ni. Àwọn mùsùlùmí yàrá karùn-ún ní sàárà tí àwọn ṣe ni. Ìyá ìyàwó mi ní kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé omi gbígbóná òun. Ọjọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà, tí mo tọ̀ fúnra mi, ẹni tó ń dúró de ilé ìyàgbẹ́ lẹ́yìn mi gbọ́ ọ, ó ní, "E don flow o," àwọn ará ilé sì ń kí mi kú oríire títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí àṣírí nínú ilé wa.

Lẹ́yìn náà ni férémù onírin tí mò ń dì mú. Mo rìn láti yàrá kìíní dé yàrá kẹta, mo ṣubú lu ìkòkò ọbẹ̀ ẹnì kan. Mo rìn dé yàrá kẹfà. Tí orí bá sọ pé kí ẹsẹ̀ gbéra, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ rò ó, á wá ta gìrì lójijì bí ẹni gbọ́ ìròyìn burúkú. Aránṣọ máa ń dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró tí mo bá ń kọjá, tí mo bá ti kọjá tán, ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà ti lé ní oṣù mẹ́ta nígbà tí mo sọ fún aránṣọ pé kó pọ̀n ọ́n, ó yá. Àwọn ará ilé tò lẹ́yìn wa. Òpópónà mẹ́ta péré ló wà láàárín wa àti health centre, ohun tí mò ń rìn tẹ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbà mí ju wákàtí kan lọ. Afárá onípákó orí gọ́tà nìkan, mo lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí rẹ̀, àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ dúró, wọ́n ń wò mí. Fọ́kànáísà kan tó ń lẹ táyà gbé àga rẹ̀ fún mi. "Baba, sit down, you no dey owe anybody," ó ní. Mo jókòó, mo mí, mo tún dìde. Òógùn ti bo ojú mi, itan mi ń gbọ̀n. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, mo rí aránṣọ. Kò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò, ó ń gbé tirẹ̀ bí mo ṣe ń gbé tèmi.

A débẹ̀. Nọ́ọ̀sì kí wa, ó wo èmi, ó wo èrò tó wà lẹ́yìn mi, ó bi wá kí ló ṣẹlẹ̀. A ní abẹ́rẹ́ ọmọ ni.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tuesday àti Thursday la máa ń gún ti ọmọdé. Wednesday la wà yìí."

Èmi. Agent. Èmi tí mo mọ ọjọ́ tí gbogbo ọ̀gá tó ní òǹtẹ̀ ní Tin Can máa ń wà lórí àga, tí mi ò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni rí láìkọ́kọ́ wádìí, mi ò béèrè ọjọ́ abẹ́rẹ́. Gbogbo èrò tó tẹ̀ lé mi, kò sí ẹni tó béèrè. Mo bẹ nọ́ọ̀sì, ó ní ìgò kan ni wọ́n máa ń ṣí fún ọmọ púpọ̀, òun ò lè ṣí i fún ọmọ kan ṣoṣo. Mo bá a jà. Ó ní kí n jókòó kí n má baà ṣubú. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé mi padà sílé, mo sì mọ ohun tí aránṣọ ń rò: Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò lè dìde. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti gan pa. Mo ní kí ìyàwó mi pe aránṣọ, kí wọ́n wá ọ̀nà gbé mi lọ, kódà kó jẹ́ bárò ni wọ́n máa fi tì mí. Ìyàwó mi ní wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn láti àárọ̀ kùtù. Mo ní ó ti sá lọ bá ìyá rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo dùbúlẹ̀, mo ń to èébú tí màá bú u, èyí tó le jù ni mo fi sí ìparí.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, ó yọjú. Ọmọ ń ké lọ́wọ́ rẹ̀, òwú pélébé kan wà ní itan ọmọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti lọ, a ti dé."

"Ṣebí o ní àfi tí mo bá rìn débẹ̀."

"Ẹ ti rìn ín, sà. Ojú mi ló ṣe. Ṣé kí n tún ní kẹ́ ẹ wá rìn ín lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Gbogbo èébú tí mo ti tò sílẹ̀ ṣòfò. Ó tẹ́ ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n bá òun mú un kí òun fi gbé omi kaná.

Ṣé inú mi dùn? Ó dùn. Ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú yẹn ni ẹ̀rù tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Èmi tí mo ti pariwo, tí mo ti sọ pé kò sí ewu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ní àràárọ̀, tó bá gbé ọmọ tì mí kó tó lọ fọṣọ, màá dúró kó jáde, màá fi èékánná rìn ín lábẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà òsì, màá máa wo bóyá ó máa fà á sẹ́yìn. Ó máa ń fà á sẹ́yìn. Màá tún ṣe é. Ọjọ́ kẹwàá, tí í ṣe iye ọjọ́ tí tèmi fi dé, ìgbà mẹ́rin ni mo ṣe é kí n tó gbà.

Ọjọ́ tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, aránṣọ bá mi níbi tí mo ti tẹ orí ba, tí mo di àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú. Mi ò gbọ́ nígbà tó wọlé.

"Kí lẹ̀ ń wá lẹ́sẹ̀ ọmọ mi ní gbogbo àárọ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

Mo fẹ́ ní kòkòrò ni mo rí, ẹnu mi kọ̀. Ó jókòó sí eteetí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà kejì mú.

"Èmi náà ń ṣe é," ó ní. "Lálẹ́, tẹ́ ẹ bá ti sùn."

Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá ọwọ́ wa dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmú.